Àlejò ń bọ̀ wá ṣọjọ́ ìlú láti Èkó, Kútọnu àti Lọ́ńdọ̀n: kí la lè ṣe kí àjàkálẹ̀ àrùn má bá wọn wọlé, kó má sì bá wọn jáde?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìgbìmọ̀ ọjọ́ ìlú wa ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé fún ti oṣù Kejìlá. Ọjọ́ mẹ́ta ni: ìrun Jímọ́ọ̀, àpéjọ ńlá ní pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé, ìsìn ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. A ń retí bíi 3,000 èèyàn. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ká fagi lé e nítorí kọ́lẹ́rà àti Lassa tí rédíò ń kéde. Àwọn kan ní ká ti ẹnubodè ìlú mọ́ àwọn tó ń ti Èkó bọ̀, tàbí ká fi tẹmómítà yẹ gbogbo ẹni tó bá ń wọlé wò. Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí: kí ni ìrìn-àjò àti àpéjọ ń ṣe gan-an sí bí àrùn ṣe ń tàn, kí sì ni ká ná owó wa lé lórí?

Nọ́ọ̀sì Agbègbè
Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Ẹ gbé ìṣirò yìí síwájú ìgbìmọ̀.

Ká ní ẹnì kan nínú 1,000 ló gbé kòkòrò àrùn kan lára lásìkò náà. Bí ẹ bá pe 20 èèyàn sí ìsọmọlórúkọ, ìdá 2 nínú 100 péré ni ó fi ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn gbé e wá. Bí wọ́n bá tó 100, ó di bíi 10 nínú 100. Fún 500 èèyàn, ó di 39. Fún 1,000, ó di 63. Fún 3,000 tí ẹ ń retí, ó di 95. Nítorí náà, ẹ má jókòó bi ara yín bóyá àrùn máa wá. Ẹ kà á sí pé ó ti dé. Ohun tó kù ni iye èèyàn tí yóò ràn àti ibi tí àwọn yẹn yóò gbé e lọ.

Ìrìn-àjò ló ń gbé àrùn láti ìlú dé ìlú. Àpéjọ ló ń sọ ẹyọ kan di ogún. Ìgbà tí méjèèjì bá tẹ̀ léra ló máa ń burú jù: àwọn tí kì í rí ara wọn láti ọdún dé ọdún fara kínra fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n jẹun pọ̀, wọ́n sùn pọ̀ nílé ẹbí, lẹ́yìn náà oníkálukú padà síbi tó ti wá kí àìsàn tó yọ lára ẹnikẹ́ni. Kọ́lẹ́rà lè yọ láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ 5, nítorí náà òun lè bẹ́ sílẹ̀ lójú agbo. Éèyi, tí wọ́n ń pè ní measles nílé ìwòsàn, ń lo ọjọ́ 10 sí 14. Ẹni tó kó o lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ yín yóò ti padà sí Mushin kó tó mọ̀ pé ara òun kò yá, á sì ti ràn án mọ́ ẹlòmíì láti ọjọ́ mẹ́rin kí nǹkan tó sú sí i lára. Ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ ó máa sọ pé ọdún lọ láìséwu.

Ọmọ Ìlú Kan
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìṣirò yín yìí gan-an ló ti àwọn tó ní ká ti ẹnubodè lẹ́yìn. Bí Èkó ló kún fún àrùn, kí àwọn ará Èkó dúró sí Èkó. Àrùn kò ní ẹsẹ̀.

Ọmọ Ibodè
Iṣẹ́ ìlera ẹnubodè ni mo mọ̀, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn.

Ẹ wo Wuhan, ìlú tí Kòrónà ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáínà. Wọ́n ti ìlú náà pa ní ọjọ́ 23 oṣù Kíní 2020, pẹ̀lú gbogbo agbára ìjọba Ṣáínà. Olórí ìlú náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bíi mílíọ̀nù 5 èèyàn ti jáde ṣáájú, torí ọdún tuntun wọn ti sún mọ́lé. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún yẹn fi hàn pé ọjọ́ 3 sí 5 péré ni títì náà fi dá àrùn dúró kó tó gbilẹ̀ láwọn ìlú Ṣáínà yòókù. Kódà bí wọ́n bá gé ìrìn-àjò kù ní ìdá 90 nínú 100, èrè rẹ̀ kéré bí àwọn èèyàn kò bá dín ríràn kù láàárín ara wọn.

Nílé wa ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ní 2020, ọkọ̀ tó ń kó ọjà kòṣeémánìí bí oúnjẹ ló láǹfààní láti kọjá. Ẹ̀yìn tírélà oúnjẹ àti ti màlúù ni àwọn èrò sápamọ́ sí, wọ́n fún mọ́ra fún wákàtí mẹ́wàá láìsí afẹ́fẹ́. Ìyẹn léwu ju bọ́ọ̀sì tí wíńdò rẹ̀ ṣí lọ. Ẹni tó bá sì gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé kò ní sọ ibi tó ti wá fún nọ́ọ̀sì bí ara rẹ̀ kò bá yá, torí ẹ̀rù ìtanràn ń bà á. Ìsọfúnni tí ẹ nílò jù ni títì yẹn máa pa run.

Ní ti tẹmómítà, ẹ má fi gbogbo ọkàn lé e. Ẹni tí àrùn ṣì ń lúgọ lára rẹ̀ kò ní ara gbígbóná. Ẹni tó gbé parasẹtámọ̀ mì ní gáréèjì Ọjọ́ọ̀ta kò ní ara gbígbóná nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ yín. Tẹmómítà tí wọ́n ń nà síwájú orí máa ń ṣìṣe bí oòrùn bá pa á, bí iwájú orí bá làágùn, tàbí bí ọwọ́ ẹni tó mú un bá jìnnà. Yàtọ̀ síyẹn, ìwọ̀n 38 tí ẹ bá rí lẹ́nubodè, ibà ẹ̀fọn ló máa jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá ní ẹni tó lè jókòó bi èèyàn ní ìbéèrè mẹ́ta (níbo lo ti ń bọ̀, ta ló ń ṣàìsàn nílé tí o ti kúrò, ṣé o ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí o ń bì), ẹ gbà á dípò tẹmómítà.

Olùkọ́ Ìtàn
Ọ̀rọ̀ títì yìí ti pẹ́ nílẹ̀ o. Nínú oṣù Kẹjọ 1918, ọkọ̀ ogun HMS Mantua gbé àrùn flú wọ Freetown. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, SS Bida tó ti Accra bọ̀ gbé e wọ èbúté Èkó. Ojú irin ti dé Kano nígbà yẹn, àrùn náà sì tẹ̀ lé ojú irin: Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, títí dé Òkè Ọya. Ìlú tí rélùwéè bá dúró ló kọ́kọ́ ń kàn. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlé dé ojúlé l'Ékòó láti wá aláìsàn, ọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ sí ìgbèríko, wọ́n sì gbé àrùn dání.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe parọ́ fún Ọmọ Ìlú: títì ti ṣiṣẹ́ rí. Lọ́dún 1918 yẹn kan náà, ọkọ̀ Talune gúnlẹ̀ sí Samoa apá ìwọ̀ oòrùn lọ́jọ́ 7 oṣù Kọkànlá, àrùn náà sì pa bíi ẹnì kan nínú márùn-ún níbẹ̀. Samoa ti Amẹ́ríkà, tó wà nítòsí rẹ̀, ti èbúté rẹ̀ pa; flú náà kò pa ẹnì kankan níbẹ̀. Erékùṣù ni, àrùn kò tíì wọlé, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló sì ń dé ibẹ̀. Nǹkan mẹ́ta yẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ìlú wa tí ọ̀nà oko yí ká kò ní ìkankan nínú wọn.

Ọmọ Ìlú Kan
Ó yé mi, Olùkọ́. Ó dáa, bí a kò bá tì í, kí ló dá Ebola dúró l'Ékòó nígbà yẹn?

Dókítà Àrùn Àkóràn
Orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ló dá a dúró. Ẹ fara balẹ̀ wo bó ṣe lọ.

Ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014 ni Patrick Sawyer, ará Liberia tí Ebola ti wà lára rẹ̀, bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, láti Monrovia gba Lomé. Àpéjọ ECOWAS ní Calabar ló ń lọ. Ilé ìwòsàn kan ní Obálẹ́ńdé ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ wọn. Dókítà náà kú lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ká ní wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀, gbọ̀ngàn tó kún fún èèyàn láti orílẹ̀-èdè bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń lọ jókòó sí. Gbèsè ni gbogbo wa jẹ obìnrin yẹn.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn sílẹ̀, 894 èèyàn ní Èkó àti Port Harcourt. Wọ́n ń lọ wò wọ́n lójúkojú fún ọjọ́ 21, àbẹ̀wò náà sì tó bíi 18,500. Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ìgbógun ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n yí sídìí iṣẹ́ náà, torí wọ́n ti mọ àdúgbò. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 kú. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán.

Ẹ wo ibi tó fẹ́ yọ lọ́wọ́ wa: ẹnì kan tí wọ́n ń ṣọ́ l'Ékòó sá lọ sí Port Harcourt, dókítà kan tọ́jú rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, dókítà náà sì kó o. Ó ti ń ṣàìsàn nígbà tí mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ ń wá bá a yọ̀ fún ọmọ tuntun, àwọn ará ìjọ rẹ̀ sì gbé ọwọ́ lé e gbàdúrà. Arìnrìn-àjò kan, ayẹyẹ kan, àdúrà kan, ó sì di pé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún èèyàn ni wọ́n ní láti máa ṣọ́ ní ìlú kejì.

Àmọ́ o, ẹni tí Ebola wà lára rẹ̀ kì í ràn án kí àìsàn tó yọ. Ìdí nìyẹn tí ìtọpasẹ̀ fi bá a. Éèyi àti Kòrónà máa ń ràn kí ẹni náà tó mọ̀, nítorí náà ìtọpasẹ̀ nìkan kò lè bá wọn. Fún éèyi, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni: ọmọ oṣù 9, ó tún gbà á ní oṣù 15. Ẹ bá ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé sọ̀rọ̀ kí wọ́n gún àwọn ọmọ ìlú tó kù sẹ́yìn lábẹ́rẹ́, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ méjì kí àlejò tó dé. Abẹ́rẹ́ tí ẹ bá gún lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ọdún kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Sátidé.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀
Ẹ ṣé gan-an, Dókítà. Lassa tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ńkọ́?

Dókítà Àrùn Àkóràn
Eku ló ń gbé Lassa kiri, kì í ṣe àpéjọ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku nínú gàrí, nínú àgbàdo, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí láti ọdún tó kọjá ló yẹ kó kàn yín. Ondo ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù nílẹ̀ Yorùbá, Ọ̀wọ̀ pàápàá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì ń gbilẹ̀, ìyẹn àsìkò ọdún yín gan-an. Kí ẹ tó tẹ́ ẹní fún àlejò, ẹ bomi kílórìn wọ́n ilẹ̀ yàrá tó ti pẹ́ ní títì, ẹ jẹ́ kó rin dáadáa kí ẹ tó nù ún. Ẹ má fi ọwọ̀ gbígbẹ gbá a, eruku rẹ̀ léwu. Oúnjẹ nínú ike tó ní ìdérí. Bí àlejò bá padà sí Èkó tí ibà kan kò sì lọ lẹ́yìn oògùn ibà ẹ̀fọn, kó sọ fún dókítà pé òun lọ sí ìlú báyìí báyìí. Láìsọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ronú kan Lassa l'Ékòó.

Ẹlẹ́rọ Omi
Kọ́lẹ́rà ló yẹ kí ìgbìmọ̀ ná owó lé lórí jù. Ẹ rántí oṣù Kẹfà 2024 l'Ékòó, nígbà Iléyá: àrùn bẹ́ sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì sọ pé ohun mímu ọ̀fíò tí wọ́n ń tà káàkiri wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Ẹnì kan po ohun mímu sínú ike, ó tà á fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, àwọn yẹn sì tú ká sí àdúgbò oríṣiríṣi.

Omi: ẹ ṣírò lítà 5 fún ẹnì kan lójúmọ́, fún mímu àti fífọ ọwọ́ nìkan. Fún 3,000, ó di 15,000 lítà, táńkà 10,000 kan àti ààbọ̀. Bí omi bá rú, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ kí ẹ tó fi kílórìn sí i, torí ìdọ̀tí ló máa jẹ kílórìn náà tán. Àtíkè kílórìn ìdá 70 tí wọ́n ń pè ní HTH: gíráàmù 30 sínú 10,000 lítà. Ẹ kọ́kọ́ pò ó nínú báàkẹ́ẹ̀tì omi kan, ẹ dà á sínú táńkà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ fi DPD, oògùn tí wọ́n fi ń wọn kílórìn inú omi, dán an wò ní ẹnu ẹ̀rọ. Kílórìn tó ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.2 sí 0.5 nínú lítà kan, ní mílígíráàmù. Bí kò bá tó, ẹ fi kún un. Ẹ tún dán an wò lọ́sàn-án. Oòrùn máa ń gba kílórìn kúrò nínú táńkà tí kò ní ìdérí.

Yìnyín ni mo rí pé gbogbo ìgbìmọ̀ ń gbàgbé. Dídì kì í pa kòkòrò kọ́lẹ́rà. Wọ́n ń fọ́ yìnyín lórí ilẹ̀, wọ́n ń ri ìgò mínírà sínú omi rẹ̀, ẹni tó ra ìgò sì ń fẹnu kàn án. Ẹ sọ fún àwọn tó ń gbé yìnyín wá pé omi tí ẹ ti fi kílórìn sí ni kí wọ́n fi dì í, kí wọ́n sì fún oníbàárà ní tíṣù láti fi nu ẹnu ìgò.

Ilé ìgbẹ́: ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣètò ibùdó pàjáwìrì ń lò ni ẹyọ kan fún 50 èèyàn. Ìyẹn jẹ́ 60 fún yín. Mo mọ̀ pé ó pọ̀, ẹ yá ti ilé ìwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sálásí. Omi àti ọṣẹ ní ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn. Sànítáísà kò rọ́pò ọṣẹ lọ́wọ́ tó ti dọ̀tí.

Oúnjẹ: ìrẹsì àti ẹran tó bá ti kúrò lórí iná kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 2 bí kò bá gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ. Ẹ̀bà tàbí mọ́ínmọ́ín àná tí wọ́n kàn yá lórí iná díẹ̀, ẹ dà á nù.

Nọ́ọ̀sì Agbègbè
Mo fi ọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ẹ yan àtíbàbà kan sọ́tọ̀ fún aláìsàn, kó jìnnà sí ibi oúnjẹ, pẹ̀lú ORS (àtíkè iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru) tó pọ̀: sàṣẹ́ẹ̀tì kan sínú lítà kan omi mímọ́, kì í ṣe sínú ife. Bí kò bá sí, síbí tíì ṣúgà 6 tí a gé orí rẹ̀ àti ààbọ̀ síbí tíì iyọ̀ sínú lítà kan. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọdé. Ẹni tó ń yàgbẹ́ bí omi ìrẹsì, tí ojú rẹ̀ ti jìn, kó máa mu ún bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má dúró wò ó di àárọ̀. Ilẹ̀ àti nǹkan tí ìgbẹ́ tàbí èébì rẹ̀ bá kàn, kílórìn ìdá 0.5 nínú 100 ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́: gíráàmù 7 HTH sínú lítà kan. Ti fífọ ọwọ́ jẹ́ 0.05, ìyẹn ni pé ẹ fi omi 9 la omi kílórìn 0.5 yẹn kan. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́, ẹ má sì fi ohun ìfọlé míì kún un, èéfín rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Alájì Olùtọ́nisọ́nà
Àsàlámù àlékùm. Ẹ gbà mí láyè lórí Hájì, torí àwọn ará Saudi ti pẹ́ nínú ìṣòro yìí jù wá lọ. Ní 1865, kọ́lẹ́rà pa ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún nínú àwọn tó wà níbẹ̀, àwọn tó yè sì gbé e dé Íjíbítì àti Yúróòpù. Ìyẹn ló fà á tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ṣèpàdé ní Constantinople ní 1866. Ní 2000, àrùn yírùnyírùn, meningitis ẹ̀yà W135, tẹ̀ lé àwọn alálàájì dé ilé wọn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọn kò fagi lé Hájì. Abẹ́rẹ́ tó ń gba ẹ̀yà mẹ́rin, A, C, Y àti W135, ni wọ́n sọ di dandan, ó kéré tán ọjọ́ 10 kí èèyàn tó wọ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa kò mọ ìdí ọjọ́ 10 yẹn, wọ́n ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Káàdì kò gba ara lọ́wọ́ àrùn. Ẹ̀tàn ni, ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ sì ni ìyá àgbà tó bá pàdé nílé.

Olórí Akọrin
Ní ti ìsìn ọjọ́ Àìkú: ẹ gbé e síta. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹta 2020, ní Skagit ní ìpínlẹ̀ Washington, èèyàn 61 péjọ fún ìdánrawò orin fún bíi wákàtí méjì ààbọ̀ nínú ilé. Èèyàn 53 ṣàìsàn Kòrónà, 2 kú. Orin àti ariwo ń tú ìmí jáde ju ọ̀rọ̀ lásán lọ. Bó bá di dandan kí ẹ wọ gbọ̀ngàn, ẹ ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè là á kọjá. Ẹ̀rọ amúlétutù nínú gbọ̀ngàn tí a tì pa, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń yí kiri. Ìpàdé àdúrà Mulhouse ní ilẹ̀ Faransé, oṣù Kejì 2020, ló gbé Kòrónà àkọ́kọ́ wọ Burkina Faso, nípasẹ̀ pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ tó padà láti ibẹ̀. Wọ́n lọ gbàdúrà ni o, kò sí ìwà ìbàjẹ́ kankan níbẹ̀.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ó hàn báyìí pé a kò ní fagi lé e, a kò sì ní ti ẹnubodè. Ìbéèrè méjì ló kù. Ìwé orúkọ tí Dókítà sọ, báwo la ṣe lè ṣe é láàárín 3,000? Àti pé ìdílé kan fẹ́ fi ìsìnkú kún ọjọ́ Jímọ́ọ̀, torí àwọn ọmọ ti ń ti òkèèrè bọ̀.

Dókítà Àrùn Àkóràn
Mo kọ́kọ́ dáhùn ti ìsìnkú. Ẹ bi wọ́n pé kí ló pa òkú náà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ogbó tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ ibà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídà tàbí ìgbẹ́ gbuuru, kí ẹnikẹ́ni má wẹ òkú náà kí òṣìṣẹ́ ìlera tó dé. Ní oṣù Karùn-ún 2014, ìsìnkú oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ní Kailahun, ní Sierra Leone, ni wọ́n tọpasẹ̀ ikú Ebola tó tó 365 dé. Àwọn aláìsàn láti Guinea ló ti wá gba ìwòsàn lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn tó wẹ̀ ẹ́ sì gbé e lọ sílé wọn. Fún Mùsùlùmí, tayamámù (ìmọ́ra pẹ̀lú erùpẹ̀) ṣeé lò dípò omi. Wọ́n gbà á láyè nígbà Ebola.

Ìwé orúkọ: ẹ má ṣe é ní ẹnu ọ̀nà, èrò á pọ̀ jù. Agboolé ni kí ẹ fi ṣe é. Olórí agboolé kọ̀ọ̀kan kọ àlejò tirẹ̀: orúkọ, fóònù, ìlú tó ti wá, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó lọ, ọkọ̀ tó wọ̀. Àwọn awakọ̀ gáréèjì kọ ti èrò wọn. Akọ̀wé kan ló ń tọ́jú gbogbo rẹ̀, kò gbọdọ̀ bọ́ sórí WhatsApp, ẹ sì sun ún lẹ́yìn ọjọ́ 42 bí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀. Kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà DSNO ìjọba ìbílẹ̀ yín, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ àrùn. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní. Nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, ni 6232, ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́yìn ọdún, ẹ má tú ìgbìmọ̀ ìlera ká. Fún ọjọ́ 21, kí ẹnì kan máa pe oníkẹ́míìsì, agbẹ̀bí, alágbo àti àwọn olórí agboolé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ṣé ìgbẹ́ gbuuru ń pọ̀, ṣé nǹkan sú sí ọmọ lára pẹ̀lú ibà, ṣé ẹnikẹ́ni kú lójijì? Àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ìgbẹ́ omi gbẹ ara rẹ̀ tó fẹ́ kú ti tó láti pe DSNO. Kí ẹ má dúró de ẹnì kejì.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀
Bí ẹni tó ti padà sí Kútọnu bá pe wá pé òun ń ṣàìsàn ńkọ́?

Ọmọ Ibodè
Ẹ sọ fún un kó má wọ ọkọ̀ padà wá sílé. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn ní Kútọnu ni kó lọ, kó sọ ìlú tó ti wá àti ọjọ́ tó kúrò. Ẹ̀yin náà pe DSNO lọ́jọ́ kan náà, òun ni yóò gbé e dé Àbújá, Àbújá á sì bá àwọn ará Benin sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé orúkọ, kí ẹ wo àwọn tó sùn sí agboolé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ àti àwọn tó bá a wọkọ̀. Àwọn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.